Ìka Mẹ́wàá Ti Dé Austin, Ìdájọ́ Ṣì Wà Lọ́nà

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi nínú mọ́tò lórí Beltway ní Houston níbí, ẹ rọra máa wà á. Ò sálejò lónìí, èmi nìkan ni, torí ọ̀rọ̀ DPS yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó ti pẹ́.

Ẹ̀ẹ́n, DPS, Department of Public Safety ti Texas, tá a máa ń lọ to ìlà sí nítorí láísẹ́ǹsì mọ́tò náà ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé àwọn yẹn kan náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ọlọ́pàá bá mú ní Texas. Tí wọ́n bá mú èèyàn, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, wọ́n á ya ìka ẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìka yẹn á gba Austin lọ, olú-ìlú Texas níbi tí DPS wà, Austin á wò ó bóyá wọ́n ti mọ onítọ̀hún rí, tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n wọ́n á fún un ní nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní SID, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ kọ́ ló ń dúró sí o. Á tún kọjá sọ́dọ̀ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní Clarksburg, West Virginia, láti ibẹ̀ wọ́n á fi han àwọn immigration. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, Secure Communities ni wọ́n pè é, Harris County níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Kí ẹni tí wọ́n mú tó rí fóònù pe ìyàwó ẹ̀, ìka ẹ̀ lè ti rin ìrìn tí òun fúnra ẹ̀ ò rìn rí.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun àti aládùúgbò ẹ̀ jà nítorí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ẹnì kan pe ọlọ́pàá, wọ́n gbé e. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù adájọ́ da ẹjọ́ nù, ó jó wálé, a sè a jẹ. Ó wá di pé ó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, àwọn yẹn ìka ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba ẹnu. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gba àkọsílẹ̀ tiẹ̀ wò ná, torí òfin fàyè gbà á kéèyàn fi ìka ara ẹ̀ béèrè ohun tí DPS kọ nípa ẹ̀. Ìwé dé. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mo kà á. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wà ńbẹ̀, àwọn tó mú un wà ńbẹ̀, assault, ẹ̀sùn pé ó lu èèyàn, wà ńbẹ̀ gadagba. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí kóòtù sọ sí, òfìfo.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Chapter 66 nínú òfin ẹjọ́ ọ̀daràn Texas sọ pé ẹni tó bá mú èèyàn gbọ́dọ̀ fi tó DPS létí láàárín ọjọ́ 7. Kóòtù ní ọjọ́ 30 láti fi ibi tí ẹjọ́ parí sí ránṣẹ́. Nọ́mbà kan wà, TRN, tó ń bá ẹjọ́ rìn láti ọwọ́ ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ DA, agbẹjọ́rò ìjọba, dé kóòtù, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ìdájọ́ yìí, ẹni tí wọ́n mú lọ́jọ́ báyìí ló ni ín. Tí akọ̀wé kan bá tẹ nọ́mbà yẹn ṣì, tàbí tí ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ rárá, ó parí, ibẹ̀ á ṣófo. Ti àbúrò mi, county kan tí mi ò ní dárúkọ ni ò fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń gbé ìka lọ, ìròyìn ayọ̀ ló ń dúró de akọ̀wé tíṣẹ́ ti kún tábìlì ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó lé e bá. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́ o! Wọ́n mú un lóòótọ́. Ìdajì òtítọ́ ló wà ní Austin, ìdajì tó kù ò lẹ́sẹ̀, àfi kẹ́nì kan gbé e lọ.

Inú bí mi sí DPS, mo ní kí ló dé tí wọn ò kàn lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ìwé kóòtù rèé lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn mo rí i pé ò yẹ kí wọ́n lè ṣe é. Tẹ́ni tó jókòó sí Austin bá lè kọ ìdájọ́ tí kóòtù ò rán an, ọjọ́ kan á kọ èyí tí ò dáa mọ́ ẹlòmíì lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ clerk, akọ̀wé kóòtù, la padà sí, wọ́n fún wa ní certified copy, ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kóòtù sí, wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ sí DPS, ibi tó ṣófo yẹn kún. Òfin tún ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ yìí: ọlọ́pàá tó bá lọ yọjú wo fáìlì àna ẹ̀ nítorí ìjà ẹbí, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá lábẹ́ òfin, tó bá gbowó nítorí ẹ̀, felony ni, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn. Mo tún gbọ́dọ̀ gbà fún wọn pé ìka dáa ju orúkọ lọ. Àwọn onílé tó ń fi orúkọ lásán wá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fún un nílé, ẹ bi àwọn Ọláwálé tó wà ní Houston yìí léèrè, ẹ̀ṣẹ̀ Wálé kan ni gbogbo Wálé ń jìyà ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé tilé yàtọ̀ lórí ìwé. Ẹni tó bá ti lọ gba character certificate, ìwé ẹ̀rí ìwà, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Alágbọn n'Íkòyí rí, tí wọ́n fi íńkì kun ọwọ́ ẹ̀ dúdú, mọ ohun tí mò ń wí. Òfin ACJA, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2015, section 16, ní kí ọlọ́pàá ní ibi tí wọ́n á máa kó àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn jọ sí, kí ìdájọ́ kóòtù sì dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Ọgbọọgba pẹ̀lú Texas! Níbí àti lọ́hùn-ún, òfin ti ka ọjọ́, ta ló máa gbé e lọ ni mò ń bi yín.

Ó kù síbì kan, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ẹjọ́ tí wọ́n bá dà nù báyìí, èèyàn lè bẹ kóòtù kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ ẹ̀ rẹ́, expunction nìyẹn, àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ di citizen, fọ́ọ̀mù N-400 á bi í bóyá wọ́n ti mú un rí, èyí tí wọ́n ti pa rẹ́ náà ò yọ sílẹ̀. Tó bá lóun ò mọ̀ nípa nǹkan kan, immigration lè ti ní ìka ẹ̀ lọ́wọ́ látọjọ́ náà. Torí náà, ẹ gba certified copy tó tó méjì mẹ́ta kí wọ́n tó pa á rẹ́, lẹ́yìn náà clerk lè má rí nǹkan kan fún yín mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín ṣe taxes bá yín kọ fọ́ọ̀mù yẹn o, ẹ wá lọ́yà immigration. Ó dìgbà kan ná.