Ọmọ Kò Jalè, Bàbá Rẹ̀ Ló Jalè: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Asalaamu alaykum warahmotulloohi wabarakaatuhu.

Ọ̀pọ̀ wa la ní ẹnì kan tí a jọ wà ní kíláàsì, tí a ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí a rántí ohun tí wọ́n ní bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣe. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ rẹ̀, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Bí bírò bá sọnù, àpò rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ tú. Ọmọ náà kò mú nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lórí èyí kò ní kọ̀rọ̀ nínú. Ibi márùn-ún ló ti wà nínú Alùkùránì pé ẹlẹ́rù ẹ̀ṣẹ̀ kan kò ní í ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn: al-An'aam 6:164, al-Israa 17:15, Faatir 35:18, az-Zumar 39:7 àti an-Najm 53:38. Ti Faatir tún fi kún un pé bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn bá tilẹ̀ ké sí ìbátan rẹ̀ pé kó bá òun ru díẹ̀, kò ní í bá a ru nǹkan kan níbẹ̀. Ẹrù tí Ọlọ́hun kò ní í gbé ka ọmọ lórí lọ́jọ́ Àjíǹde, àwa la gbé e kà á lórí nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 10.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Uqbah ọmọ Abi Mu'ayt, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá Ànábì ní Mẹ́kà. Òun ló gbé ẹgbin inú ràkúnmí ka Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lẹ́yìn nígbà tó forí kanlẹ̀ lórí ìrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaaba. Ọmọbìnrin Uqbah yìí, Ummu Kulthum, gba Isilaamu, ó sì sá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọ̀dínà lẹ́yìn àdéhùn Hudaybiyah tí àwọn Mùsùlùmí bá àwọn ará Mẹ́kà ṣe, ọdún 6 Hijira. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà, Ànábì kò dá a padà. Aaya 10 nínú Suuratul Mumtahanah ló sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí aaya náà ní kí wọ́n yẹ̀ wò: ìgbàgbọ́ àwọn obìnrin náà fúnra wọn ni. Kò sí níbẹ̀ pé kí wọ́n bèèrè ta ló bí wọn.

Obìnrin yìí kan náà ló gba hadiisi wá fún wa pé ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ rere láti fi tún àárín èèyàn ṣe kì í ṣe òpùrọ́. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hadiisi jọ, gbé e jáde, orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gedegbe. Wọn ò fi orúkọ náà pa mọ́, wọn ò sì torí rẹ̀ kọ ẹ̀rí rẹ̀.

Ti Safiyyah, ìyàwó Ànábì, ló kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká ṣe lójú ẹsẹ̀. Huyayy, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀tá paraku fún àwọn Mùsùlùmí. Tirmidhi, tí òun náà kó hadiisi jọ, gbé e jáde pé Hafsah, tí òun náà jẹ́ ìyàwó Ànábì, pe Safiyyah ní ọmọ Júù, Safiyyah sì bú sẹ́kún. Ànábì kò sọ fún un pé kó má dá a lóhùn. Èsì ló fi lé e lọ́wọ́: ọmọ Ànábì ni ọ́, Ànábì ni àbúrò bàbá rẹ, abẹ́ Ànábì lo sì wà, kí ló fẹ́ fi yangàn sí ọ? Ìran Ànábì Haaruun ni Safiyyah, Ànábì Muusa sì ni àbúrò Haaruun. Lẹ́yìn náà ni Ànábì kọjú sí Hafsah pé kó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń ṣe apá kejì nìkan: wọ́n á na ẹni tó bú ọmọ náà, wọn ò sì ní í wo ojú ẹni tí wọ́n bú. Ohun tí kíláàsì á rí dì mú níbẹ̀ ni pé torí ọmọ yìí ni wọ́n ṣe nà wá. Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní ohun tí yóò dì mú, ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa rẹ̀, kí ẹ tó bá ẹlẹ́nu wí.

Ìwọ tó wá dàgbà, tí o rántí pé o wà lára àwọn tó fi ọmọ náà ṣẹ̀sín ńkọ́? Má fojú kéré é pé eré ọmọdé ni. Òótọ́ ni pé wọn kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì bàlágà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti bàlágà kó tó jáde ilé ìwé, inú wáàsáàpù ẹgbẹ́ sì ni àwọn kan ti ń pe orúkọ ìnagijẹ náà títí dòní. Abu Dharr kì í ṣe ẹni kékeré nínú àwọn sahaba, síbẹ̀ nígbà tó fi ìyá ẹnì kan bú u, Ànábì sọ fún un pé ìwà jaahiliyyah, ìyẹn ìwà àìmọ̀kan ayé ṣáájú Isilaamu, ṣì wà lára rẹ̀.

Túúbá ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun ní òpó mẹ́ta: kí o jáwọ́, kí o kábàámọ̀, kí o pinnu pé o ò ní padà síbẹ̀. Èyí tó kan ẹ̀tọ́ èèyàn ní ìkẹrin, kí ẹni náà yọ̀ǹda rẹ. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ lo ti bú u, bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́. Gbólóhùn méjì tó: mo ṣẹ̀ ọ́ nígbà tí a wà ní kíláàsì, jọ̀wọ́ foríjì mí. Má tún orúkọ ìnagijẹ náà pè. Má ní gbogbo yín lẹ jọ ṣe é. Má sì bèèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa bàbá rẹ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti sọ àpólójì di ìwádìí. Bí kò bá dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, fi í sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti sọ ọ́ tí kò sì gbọ́, àwọn onímímọ̀ kan ní dandan ni kí o tọrọ ìyọ̀ǹda. Ibn Taymiyyah àti àwọn mìíràn ní kí o má lọ sọ fún un, torí ọgbẹ́ tuntun ni. Kí o máa ṣe adúà fún un, kí o sì sọ rere rẹ̀ láàárín àwọn tí o ti sọ ibi rẹ̀ fún. Èyí ló fi ọkàn balẹ̀ jù lójú tiwa. Àmọ́ àwọn tó gbọ́ ibi náà ni kí wọ́n gbọ́ rere.

Ẹ̀yin òbí, inú ilé ni ọmọ ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kíláàsì. Bí ilé lágbájá bá léwu lóòótọ́, sọ fún ọmọ rẹ pé kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ọmọ lágbájá wá ṣeré ní ọ̀dọ̀ yín. Ìyẹn dá ààbò bo ọmọ tìrẹ, kò sì ba ti ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ náà gan-an, kò sí ẹni tó ní kí o máa gbèjà ohun tí bàbá rẹ ṣe. Luqmaan 31:15 ní bí òbí bá tilẹ̀ ń fi ipá mú ọ lọ sínú ẹbọ, má tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bá a lò pọ̀ dáadáa láyé. Gbèsè rẹ̀, inú ogún rẹ̀ ni wọ́n ti ń san án kí wọ́n tó pín in, gẹ́gẹ́ bí an-Nisaa 4:11 ṣe là á kalẹ̀. Bí ogún kò bá tó, kò di dandan fún ọ láti inú àpò rẹ, bó o bá sì san án, àánú ni. Ohun tó bá dá ọ lójú pé jíjí ni, olóhun ni kí o dá a padà fún.

Lọ́jọ́ tí òbí náà bá kú, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ ló máa ń sá, torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọn ò fẹ́ purọ́ yin òkú, wọn ò sì fẹ́ bú u. Hadiisi Tirmidhi ti kọ bíbú òkú, nítorí ìpalára tó ń ṣe fún alààyè. Ṣùgbọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ tí Ànábì fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tí ọmọ ìyẹn ń kú lọ tó ọ sọ, kò sì mẹ́nu kan ìwà òkú rárá: ti Ọlọ́hun ni ohun tó gbà, tirẹ̀ náà ni ohun tó fúnni, gbogbo nǹkan ló ní gbèdéke lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣe sùúrù, kí o sì máa retí ẹ̀san.