Ìwé Orúkọ Aláriwo

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sùn dáadáa. Ìwé pélébé kan ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lálẹ́ àná ni mo ń yẹ báàgì àbíkẹ́yìn mi wò, mo bá bébà kan níbẹ̀ tó ká sí mẹ́rin. Wọ́n ti fi í ṣe mọ́nítọ̀ ní kíláàsì wọn. Orúkọ ọmọ mẹ́sàn-án ló kọ síbẹ̀, aláriwo ni gbogbo wọn. Ó kọ ×2 síwájú àwọn kan. Ọmọ kan wà nísàlẹ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ ×5. Mo ní, "Kí ni eléyìí ṣe tó fi jẹ́ márùn-ún?" Ó ní, "Mọ́mì, ó kàn máa ń bí mi nínú ni."

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ mi ni lóòótọ́!

Ẹ bá mi ṣí Sáàmù 25, ẹsẹ 7: "Má ṣe rántí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi, àti ìrékọjá mi: gẹ́gẹ́ bí àánú rẹ ìwọ rántí mi, nítorí oore rẹ, Olúwa."

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé. Àwọn kíláàsì tí Gómìnà Jákàńdè kọ́ la lò, èyí tí àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé adìyẹ ni. (Àwọn adìyẹ tó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì àti lọ́yà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Bí atẹ́gùn bá ti ojú ọ̀sà fẹ́ wá, òórùn ẹja yíyan á gba inú kíláàsì kọjá, ọkàn gbogbo wa á sì kúrò nínú ìṣirò.

Èmi ni mọ́nítọ̀ ní kíláàsì karùn-ún. Bí tíṣà wa bá ti ń lọ sí ọ́fíìsì, wọn á na bébà àti bírò sí mi: "Kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀." Háà! Mo wá di ọba. Ẹni tó bá fún mi ní gúrúǹdì, orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fún mi ní bàbá dúdú, ó lè gun orí tábìlì kó máa jó, etí mi ti di. Èmi gan-an ni mò ń pariwo jù nínú kíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ orúkọ ẹni tó mú bírò dání?

Ọmọ apẹja kan wà láàárín wa tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ a máa di èpìyà yíyan fún un nínú ewé. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bù fún mi, ó ní òun àti àbúrò òun ni wọ́n dì í fún. Ó parí. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá mo wò ó, ó ń wo ìta bí ẹni pé kò tilẹ̀ ka èmi mọ́nítọ̀ sí, ni mo bá sọ ọ́ di ×6. Mo tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó sọ fanákúlà, ìyẹn ni pé ó sọ Yorùbá. Ẹ ò rí nǹkan? Kí wọ́n máa na ọmọ Ẹ̀pẹ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ nítorí èdè ìyá rẹ̀! Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Tíṣà dé, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ohun tí mo ti kọ, mo ti kọ ọ́. Pàṣán mẹ́fà ní ìdí, méjì ní àtẹ́lẹwọ́. Kò sunkún. Ó kàn yíjú wò mí, èmi sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí agogo oúnjẹ lù, mo rí i tó ń bu ẹja yẹn sí méjì fún àbúrò rẹ̀, ọwọ́ tó wú yẹn ló fi ń bù ú.

Kí ọdún náà tó parí, kò wá sílé ìwé mọ́. Wọ́n ní ó ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ sódò. Mi ò lè sọ pé tìtorí mi ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe tìtorí mi.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà náà tí mo lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo. Ìyàwó ń to ẹja, ọkọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo wò ó, ó wò mí. Ó pe orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè mí ní kékeré. Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ bébà ọjọ́sí yẹn, forí jì mí." Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní:

"Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn o."

Gbólóhùn kan yẹn. Ó ti gbé e sínú láti kékeré. Mo ní, "Mo mọ̀. Torí ẹja ni." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀: "Fi èènì sí i fún un."

Ẹ̀yin ará mi, Aísáyà 53 sọ nípa ẹnì kan tí wọ́n pọ́n lójú tí kò ya ẹnu rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n nà, àwa tá a pariwo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kólósè 2:14 sì sọ pé ìwé tó lòdì sí wa, Ó ti pa á rẹ́, Ó kàn án mọ́ àgbélébùú. Kò fún mọ́nítọ̀ kankan ní gúrúǹdì kó tó pa á rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ ló fi pa á rẹ́. Ó tán lọ́rọ̀. Ẹ dìde ká gbàdúrà.

Bàbá, èmi ni mo mú bírò dání. Ṣàánú mi.

Olúwa, ẹni tí mo kọ orúkọ rẹ̀ láìṣẹ̀, tí mo ti gbàgbé, tí òun kò gbàgbé, wò ó sàn láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn ọmọ ẹlòmíràn níléèwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi iṣẹ́, tó di pàṣán sí i lára, Bàbá, fi òróró Rẹ pa ojú ọgbẹ́ náà. Èrín tí mo rín nígbà tó yẹ kí n sunkún, dárí rẹ̀ jì mí.

Má ṣe rántí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi. Owó iléèwé tí mo ná, ọbẹ̀ tí mo jí lá, irọ́ tí mo pa fún ìyá mi tó fi lọ bá aládùúgbò jà, Olúwa, má ṣe rántí wọn. Má jẹ́ kí ọmọ mi san gbèsè tí mo jẹ ní kíláàsì karùn-ún. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi tí ọmọ mi ti ń mú jáde bí ogún, Bàbá, gé e lónìí, ní orúkọ Jésù!

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ síbi tí o kò ti sọ̀rọ̀, gbé ohùn rẹ sókè. Bébà tí wọ́n fi kọ ọ́, kí iná Ẹ̀mí Mímọ́ jó o! Ìwé tí wọ́n fi dá ìgbéga rẹ dúró, kó ya! Orúkọ rẹ tó wà lẹ́nu àwọn tí kò rí ọ rí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ×2, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ×6, kí Olúwa gba bírò lọ́wọ́ wọn! Kí Ó gbà á! Kí Ó gbà á pátápátá! Ẹnikẹ́ni tó ń gba rìbá láti yọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó lè fi tìrẹ dípò, kí ìwé náà dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ní orúkọ Jésù!

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, ìlú wa yìí ló padà wá fi ṣe ibùdó. Olúwa, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, kúrò níbi iṣẹ́, kúrò nínú ọkàn ẹni tó fẹ́ràn, jẹ́ kí ó rí Ẹ̀pẹ́ tirẹ̀. Jẹ́ kí ó ríbi forí pamọ́ sí. Jẹ́ kí ó tún ríbi jókòó kó rẹ́rìn-ín.

Bàbá, àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé láàárọ̀ yìí, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó wọn lọ, kó wọn bọ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Olúwa, jẹ́ kí tíṣà kan bi í léèrè kí ó tó gbé pàṣán.

Apẹja yẹn àti ìyàwó rẹ̀, Olúwa, bí wọ́n bá da àwọ̀n, kó má bọ̀ lófìfo. Má jẹ́ kí odò gbé wọn, má jẹ́ kí ìjì yí ọkọ̀ wọn dé. Ìwé tí òun kò rí kà tán, jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kà á kọjá tèmi. Bù kún un, kí O sì fi èènì sí i.

Àti ọmọ mi yìí, tó ń wọ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nísinsìnyí. A ti jọ pa ×5 yẹn rẹ́ lálẹ́ àná, òun fúnra rẹ̀ ló fi rọ́bà pa á, ó ń fajú ro. Mo di ẹja sínú kúlà rẹ̀, ó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Olúwa, bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú títí agogo oúnjẹ yóò fi lù. Ní orúkọ Jésù.

Àmín.