Ta Ló Mú Ọjọ́ Náà?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà nìyí. Mo gé ibi tí mo ti wúkọ́ kúrò, mo fi àwàdà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń ṣe ètò lórí rédíò láràárọ̀. Bí agogo méje bá ti lù, á gbé ohùn sókè: “Lónìí nínú ìtàn!” Á ka ikú mẹ́ta, ogun méjì, ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú kan, á wá ní, “Ẹ ò rí i bí ọjọ́ yìí ṣe wúwo tó?” Lẹ́yìn náà á polówó ọṣẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní tó kọjá, ó ní ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu ni ọjọ́ náà fún Nàìjíríà, kí oníkálukú má jáde láìgbàdúrà. Òun ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Òun náà ló jókòó síwájú yẹn tó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ó ń parọ́. Ní ìdájí ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́jà tó fẹ́ gbàjọba ya wọ Ìbàdàn. Wọ́n mú Fani-Kayode, igbákejì Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Wọ́n dé Ìyàgankú níbí, wọ́n pa Prẹ́míà fúnra rẹ̀, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Kàdúná ló lọ, ó lọ rí Sàdáúnà, Ahmadu Bello, Prẹ́míà Àríwá. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti pa Sàdáúnà náà ní Kàdúná, wọ́n sì ti gbé Balewa, olóòtú ìjọba Nàìjíríà, kúrò nílé rẹ̀ l'Ékòó, kò padà wálé mọ́. N kò ní sọ ti wẹ́tìẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n fi ń dáná sun ilé àti ènìyàn. Ọmọ Ìbàdàn tí kò bá mọ wẹ́tìẹ̀, kó lọ bi bàbá rẹ̀ léèrè, kó sì ṣọ́ ojú bàbá náà bó ṣe ń dáhùn.

Ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, Philip Effiong, igbákejì Ojukwu tó jẹ́ olórí Bìáfírà, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí bárékè Dodan l'Ékòó, wọ́n túúbá níwájú Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà. Ogun Bìáfírà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967 parí síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ọjọ́ tí wàhálà wọlé náà ló jáde.”

Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni ogun náà parí. Ojukwu ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ní ọjọ́ 11. Ní ọjọ́ 12, Effiong bọ́ sórí rédíò, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogun kan tó wà nínú kòtò ogun, tí ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ mẹ́ta míì ló máa lò níbẹ̀ kí ọjọ́ lè pé ọdún Akíntọ́lá? Ìwé ni wọ́n fà lé ìjọba lọ́wọ́ ní ọjọ́ 15. Ìwé ló ṣe kòńgẹ́, ogun ò ṣe kòńgẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá la fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wa tó kú, nítorí ọjọ́ náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dáwọ́ dúró ní 1918. Ìjọba tiwa ló gbé ìrántí náà kúrò níbẹ̀ wá sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, wọ́n á fọn kàkàkí, wọ́n á gbé òdòdó lélẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, ẹyẹlé á sì máa kọ̀ nígbà míì, á ní òun ò fò. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà á dàgbà, á rí i pé ọjọ́ yẹn wúwo lóòótọ́. Ta ló di ẹrù lé e lórí? Ìbéèrè mi nìyẹn, òun náà ni mo sì máa bi yín títí a ó fi túká: ta ló mú ọjọ́ náà?

Ẹ gbọ́ ti ọjọ́ 29 oṣù keje, òun ló dùn jù. Lọ́dún 1966, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, wá sí Ìbàdàn, ó bá àwọn ọba ṣèpàdé ní ọjọ́ 28. Ilé ìjọba ní Àgodi ló sùn sí, lọ́dọ̀ Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun. Àwọn ṣọ́jà yí ilé náà ká. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 29 mọ́, wọ́n mú onílé, wọ́n mú àlejò, wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀nà Lálúpọn, wọ́n pa wọ́n. Gowon dé orí oyè. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, Gowon wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Joe Garba bọ́ sórí rédíò nílé, ó ní ìjọba ti yí padà. Ọjọ́ 29 oṣù keje ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, òun náà ló tì í mọ́ ọn síta.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń mi orí. Ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó jọra nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọjọ́. Baálé kò sí nílé ni! Ironsi ò sí l'Ékòó, Gowon ò sí ní Nàìjíríà rárá. Ẹni tó fẹ́ gba ilé onílé kì í wo kàlẹ́ńdà, ẹsẹ̀ onílé ló ń wò. Bí ìpàdé Kampala bá bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án ni wọn ì bá fi ṣe é, ọ̀rẹ́ mi ì bá sì ti wá ikú míì fi kún oṣù kẹsàn-án.

(Ibí ni alága ti na ìwé pélébé kan sí mi. Mo ti lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ogójì lórí ọjọ́ méjì péré.)

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣeré kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ dá ọjọ́ ìbí yín, ẹ má dá ọdún, kí ẹ̀yin ìyá má bàa bá mi jà. A bẹ̀rẹ̀ lápá òsì. A dé orí ẹni kọkànlélógún kí ariwo tó sọ. Bàbá kan tó wọ agbádá dàńdógó àti ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin làwọn méjèèjì. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, bàbá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún un. Ẹ wò ó, kì í ṣe idán. Ẹ kó ènìyàn 23 jọ, ó ju ìdajì lọ pé ẹ máa rí méjì tó jọ ni ọjọ́ ìbí. Ìdí ni pé a kì í wá ẹni tó bá ẹnì kan pàtó mu. Gbogbo wọn là ń fi wé ara wọn, méjì-méjì, iye méjì-méjì tó sì wà nínú ènìyàn 23 jẹ́ 253. Ọjọ́ 366 péré ló wà, ìtàn ayé sì kún ju gbọ̀ngàn yìí lọ. Ìyanu tòótọ́ ni kéèyàn ṣí ọjọ́ kan kó má bá ohunkóhun níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Awo wà níbí? Mo mọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Íkẹ́nnẹ́. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 ni Gánà gba òmìnira, nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ Prẹ́míà n'Ìbàdàn níbí. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbàlagbà kan pé Gánà fi bọ̀wọ̀ fún Awo ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1844 ni àwọn olóyè Fante tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú òyìnbó, ìwé náà ni Gánà fi mú ọjọ́: ibi tí a ti so wọ́n ni wọ́n ti fẹ́ tú ara wọn. Ti Ìkẹ́nnẹ́ ò sí níbẹ̀.

Ti odò Ògùnpa tó ya n'Ìbàdàn níbí ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: mọ́tò tó ń léfòó, ògiri ilé amọ̀ tó ń yọ̀ wálẹ̀ bí ògì, ìkòkò ọbẹ̀ tó gba iwájú ilé ẹni kọjá. Ọjọ́ yẹn gan-an, ní Gdańsk ní orílẹ̀-èdè Poland, Lech Wałęsa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìjọba kí àwọn òṣìṣẹ́ lè ní ẹgbẹ́ tiwọn, ohun tó mi ìjọba gbogbo agbègbè náà títí. Ìwé ìtàn ayé á fi Gdańsk síwájú. Ẹni tí ẹní rẹ̀ ń ṣàn lọ ní Ògùnpa ò gbọ́ Gdańsk. Omi tún ya ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Ọjọ́ ò bára mu, àmọ́ oṣù bára mu, nítorí òjò ní àsìkò tirẹ̀, àwa sì kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló mú ọjọ́ tibí yìí, a ò ní í lọ jìnnà wá a.

Alága ti dìde dúró. Kíá-kíá: John Adams àti Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà méjèèjì, kú lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1826, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn ìkéde òmìnira wọn. Èyí ṣòro fún mi, mo gbà. Babangida gbàjọba ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1985, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 náà ló gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ wa. Èyí ò ṣòro rárá. Oṣù kẹwàá tí àwọn ará Rọ́ṣíà gba ìjọba ní 1917, ọjọ́ 25 ni lójú kàlẹ́ńdà tiwọn, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ni lójú ti ẹlòmíì. Ní 1752, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí kàlẹ́ńdà padà, wọ́n sùn ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, wọ́n jí ní ọjọ́ 14.

Mo ń múra àtijókòó nígbà tí ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ òkè l'Ójé nawọ́.

“Tíṣà, ọmọ mi, o kúuṣẹ́. Gbogbo èyí tó o kà, ọjọ́ òyìnbó ni. Ní ọjọ́ tiwa, ṣé wọ́n ṣì bára mu?”

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. N kò rò ó kan ibẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo (ti Ifá, kì í ṣe ti Awólọ́wọ̀), ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. A ń pè é ní ọrún nítorí à ń ka òní mọ́ ọn. Mo yí ìwé ètò padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 sí ti 1970, ọjọ́ 1,461. Pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó ku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá pa Akíntọ́lá ní ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta ni Effiong túúbá. Wọn ò bára mu! Ọjọ́ 29 oṣù keje, láti 1966 sí 1975: 3,287, ó ku mẹ́ta. Wọn ò bára mu! Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ó nawọ́. Ó ní, “Ẹ ka ti Awólọ́wọ̀.”

Mo kà á. Láti 1909 sí 1957, ọjọ́ 17,532. Pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, kò ku nǹkan kan. Mo tún un kà. Mo ka ti ìwé àdéhùn 1844 sí 1957 kún un: 41,272. Kò ku nǹkan kan. Ìkẹ́nnẹ́, Gánà àti ìwé àdéhùn, gbogbo wọn bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà. Ariwo gba gbọ̀ngàn. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ń jó láìsí ìlù, àwọn ọmọ Awo ń dáhùn sí i. Mo ń pariwo pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Alága ní ká fi àdúrà parí.

Lẹ́nu ọ̀nà, màmá náà fà mí láṣọ. “Ọ̀sẹ̀ òrìṣà lo kà yẹn. Ìtàdógún la máa ń ná ọjà Òjé. Lọ kà á.”

Nígbà tí mo délé, mo fi 16 pín in, nítorí ìtàdógún ń ka òní mọ́ ọn. Láti 1909 sí 1957, ó ku 12. Láti 1844 sí 1957, ó ku 8. Bí ọjọ́ tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ bá jẹ́ ọjọ́ ọjà Òjé, ọjọ́ òmìnira Gánà ò jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ó ti pẹ́ jù, òun ti kọ ètò ọjọ́ 6 oṣù kẹta sílẹ̀, òun sì ti gba owó ọlọ́ṣẹ.