Bẹ́ ẹ ṣe lè wo fíìmù inú láptọ́ọ̀pù lórí tẹlifísàn yín láì ná dátà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò mí láti Àkúrẹ́ níbí, láti Oǹdó, láti Ọ̀wọ̀, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà. Ohun tá a fẹ́ ṣe lónìí nìyí: fíìmù, orin, fídíò ìgbéyàwó, fídíò ọdún Ulefunta tẹ́ ẹ fi fóònù yà, gbogbo ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yín, a fẹ́ kó máa jáde lórí tẹlifísàn pálọ̀ láì fa wáyá, láì ki fílááṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifísàn, láì ná dátà. Ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ dátà yẹn dáadáa, torí òun làwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ bi mí, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní jẹ dátà mi tán báyìí?" Kò ní jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ráwùtà tàbí MiFi tó wà nílé yín, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń bá yín fa íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ìta, ìyẹn lẹ ń sanwó fún. Ó tún ń so gbogbo ẹ̀rọ inú ilé pọ̀, fóònù, láptọ́ọ̀pù, tẹlifísàn, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí ò kan ẹni tó ń ta dátà fún yín rárá. Fíìmù á kúrò nínú láptọ́ọ̀pù, á gba ọ̀dọ̀ ráwùtà, á wọ tẹlifísàn, kò jáde kúrò nínú ọgbà yín. Bí dátà yín ti tán látoṣù tó kọjá, á ṣì ṣiṣẹ́. Ẹni tí ò ní ráwùtà, kó tan hotspot fóònù Android kan, kó pa dátà orí fóònù yẹn, kó wá so láptọ́ọ̀pù àti tẹlifísàn mọ́ ọn. Dátà tá a máa ná ò ju èyí tá a fi máa dáńlóòdù áàpù àti díẹ̀ tí áàpù náà á fi wá fọ́tò iwájú fíìmù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé láptọ́ọ̀pù àti tẹlifísàn wà lórí Wi-Fi kan náà, orúkọ kan náà gan-an. Ilé kan wà ní Ijapo Estate tí wọ́n pè mí sí, wọ́n ní tẹlifísàn ò rí kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti tún ínsítọ́ọ̀lù, àṣé orí Guest ni wọ́n so tẹlifísàn mọ́. Guest yẹn, torí kí àlejò má bàa rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà onílé ni wọ́n ṣe ṣe é, kò lè jẹ́ kí wọ́n ríra.

Áàpù tá a máa lò ni Jellyfin. Ọ̀fẹ́ ni, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ fún yín pé òun ló dáa jù fún irú ilé tiwa. Ọdún 2018 ni wọ́n yà á látara áàpù míì tó ń jẹ́ Emby, nígbà tí Emby ò fi kóòdù ẹ̀ síta mọ́, látìgbà yẹn àwọn tó ń ṣe é ò tì nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn owó. Áàpù míì tó ń jẹ́ Plex náà dáa, ṣùgbọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jellyfin ò béèrè ìyẹn, àkáǹtì tẹ́ ẹ bá ṣí, inú kọ̀ǹpútà yín ló wà.

Ẹ lọ sí jellyfin.org, ẹ mú ti Windows, ti Server o, ìyẹn èyí tó máa ń rán fíìmù jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ ínsítọ́ọ̀lù ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ínsítọ́ọ̀lù nǹkan míì. Tó bá bi yín, ẹ mú Basic Install. Tó bá parí, ẹ ṣí búráósà, ẹ tẹ localhost:8096 síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi, ó ti gbé e wá. Á ní kẹ́ ẹ mú èdè, kẹ́ ẹ fún un ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Pásíwọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má jẹ́ kó gùn jù, rìmóòtù lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ lórí tẹlifísàn, ẹ ó rántí mi.

Lẹ́yìn náà á ní kẹ́ ẹ fi fódà hàn òun. Ẹ dúró níbí díẹ̀, ibí ló ṣe kókó. Mo ti ṣe fódà kan tó ń jẹ́ Fiimu sórí D. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ní fódà tiẹ̀ nínú ẹ̀, mo sì kọ orúkọ fíìmù sí i, mo wá fi ọdún tó jáde sínú àkámọ́ lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ni Jellyfin fi ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ gbọọrọ tí wọ́n fi dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fọ́tò tí kò bá a mu ló máa gbé wá. Fíìmù, Movies. Eré alápá púpọ̀, Shows. Fídíò ilé tiyín, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, Home Videos, kó má bàa lọ máa wá orúkọ wọn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Windows á yọ bébà kan síta nípa Firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ máàkì Private, ẹ tẹ Allow. Tẹ́ ẹ bá ti pa á láìkà á, kò sí wàhálà, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀, ẹ yí i kúrò ní Public sí Private, kẹ́ ẹ wá lọ fún Jellyfin láyè nínú Firewall. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń pè mí pé kò ṣiṣẹ́, ibí ló há sí.

Ó kù ká mọ nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ cmd níbi Search, ẹ ṣí i, ẹ kọ ipconfig, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá IPv4 Address, tèmi nìyí, 192.168.0.105. Nọ́ńbà yẹn ni ilé, 8096 ni ilẹ̀kùn yàrá.

Ká lọ sórí tẹlifísàn wàyí. Tó bá jẹ́ Android TV tàbí Google TV, ẹ ṣí Play Store, ẹ wá Jellyfin. LG tó ń lo webOS, inú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ náà ló wà. Ẹ ṣí i, á máa wá kọ̀ǹpútà yín fúnra ẹ̀, tí kò bá rí i, ẹ tẹ 192.168.0.105:8096 wọlé pẹ̀lú rìmóòtù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má gbàgbé àmì tóótó méjì (:) tó wà láàárín. Tẹlifísàn tí kò ní áàpù yìí, ẹ gbìyànjú búráósà inú ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ síbi plugin nínú Jellyfin, ẹ fi DLNA kún un, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé fi ń pín fídíò fún ara wọn, ọ̀pọ̀ tẹlifísàn tó ń lo Wi-Fi ló mọ DLNA. Ẹ wò ó, fíìmù ti yọ, mo tẹ Play, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró, fáànù láptọ́ọ̀pù ń ké? Kì í ṣe Wi-Fi ló máa ń fa ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Fíìmù wákàtí méjì tó jẹ́ 4GB, bíi 4.4 Mbps ló nílò, Wi-Fi 2.4GHz tí kò dáa tó yẹn náà á gbé e. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tẹlifísàn yín ò mọ irú fáìlì yẹn, láptọ́ọ̀pù wá ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń rán an lọ, iṣẹ́ ńlá ni fún láptọ́ọ̀pù àgbà. Ẹ ṣí Dashboard Jellyfin nígbà tí fíìmù ń lọ, tó bá kọ Direct playing, kò sí nǹkan kan. Tó bá kọ Transcoding, ìyẹn àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ tí mo sọ yẹn, ẹ wo ìdí tó kọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ irú fídíò tó ń jẹ́ H.265, ó lè jẹ́ irú ohùn tó ń jẹ́ DTS, ó sì lè jẹ́ subtitle tó jẹ́ fọ́tò dípò ọ̀rọ̀. Ti subtitle yẹn, ẹ wá èyí tó jẹ́ .srt, ẹ fún un lórúkọ kan náà bíi fíìmù, ẹ fi í sínú fódà kan náà. Àwọn yòókù, áàpù tó ń jẹ́ HandBrake lẹ máa fi ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ mú Fast 1080p30, á sọ fídíò ẹ̀ di H.264, á sì sọ ohùn ẹ̀ di AAC, tẹlifísàn púpọ̀ ń gba ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lálẹ́ nígbà tí iná bá wà, torí ó máa pẹ́, ó sì ń jẹ bátìrì gan-an.

Iná náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ẹ lè ti fi íńwátà gbé tẹlifísàn, ráwùtà ló máa ń kú, gbogbo ẹ̀ á sì dúró. Ẹ wá mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ráwùtà tí iná bá lọ, tí fóltì ẹ̀ bá ti ráwùtà mu, ẹ wo ẹ̀yìn ráwùtà kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ tún lọ sí Power nínú Settings, ẹ ní kí láptọ́ọ̀pù má sùn nígbà tó bá wà lórí iná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa pa á dé, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Choose what closing the lid does nínú Control Panel, ẹ fi sí Do nothing.

Èyí tó kẹ́yìn: nọ́ńbà 192.168 yẹn lè yí padà bí ráwùtà bá kú tó tún tàn. Ẹ wọ inú ráwùtà láti búráósà, 192.168.0.1 ni tèmi, tiyín lè jẹ́ 192.168.1.1, ẹ wá Address Reservation, ẹ fi láptọ́ọ̀pù yín sí nọ́ńbà kan pàtó, ẹ tẹ Save. Ẹ pa ráwùtà, ẹ tún un tàn, ẹ lọ sórí tẹlifísàn, ẹ ṣí Jellyfin. Tí fíìmù bá yọ láìjẹ́ pé ẹ tún tẹ nọ́ńbà kankan, ó ti parí.