Bí ọmọ kékeré ṣe lè di ẹrù ara rẹ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń kọ́ níbí ní Ìlọrin, ẹrù dídì sì wà lára ohun tí mo máa ń kọ́ wọn bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé. Lónìí, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, ló máa di ẹrù níṣojú yín. Èsìẹ́ là ń lọ, ọjọ́ 3 la máa lò. Èmi ò ní fọwọ́ kan aṣọ kankan o. Ẹnu nìkan ni màá lò.

Kí báàgì tó jáde rárá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tó ń lọ. Mo ti sọ fún un pé a máa gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, pé a máa dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ère òkúta tó lé ní 800 wà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó sórí àpótí. Mo sì sọ pé ọyẹ́ ti dé. Ó yá, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń bi í.

Ìyá mi, ẹsẹ̀ la máa fi rìn yí àwọn ère yẹn ká. Kí lo máa wọ̀ sẹ́sẹ̀?

“Kánfáàsì mi, Mọ́mì.”

Òtútù àárọ̀ ńkọ́?

“Súwẹ́tà!”

Ẹ ò rí i? Mi ò dárúkọ nǹkan kan fún un. Ohun tí ọmọ bá mọ ìdí tó fi ń gbé e, kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ó kàn, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ má lo bẹ́ẹ̀dì, ìbora á bo nǹkan mọ́lẹ̀. Orí la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ kan orí rẹ̀, á lọ mú ìborí wá. Á fọwọ́ kan ẹnu, á mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín wá. Ó kan awọ ara: òrí ńkọ́? Ọyẹ́ ò mọ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti gbé sórí ẹní, kó ya àwòrán rẹ̀ sínú bébà, torí kò tíì lè kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó gbé bọ̀ yìí, aṣọ léèsì tó wọ̀ lọ́dún Iléyá. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í ni: ọjọ́ wo lo máa wọ èyí? Ó ń ka ìka... Ó ti dá a padà fúnra rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ gáùn sílẹ̀ gbalaja, ó to pátá, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ sí àárín rẹ̀. Ó ṣẹ́ apá gáùn wọnú, ọ̀tún, òsì. Ó wá ń ká a bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní. Ẹ wò ó bó ṣe ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kó má baà tú! Ó fi rọ́bà dè é. Ìdì 1, ọjọ́ 1. Lójoojúmọ́ níbẹ̀, ìdì kan ló máa tú, kò ní í tú gbogbo báàgì ká.

Ìdì kejì yìí wọ́ díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró kó sùn tán kí ẹ wá tún un dì. Bó bá rí i láàárọ̀, á gbà pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan, kò sì ní fẹ́ ṣe é mọ́.

Báàgì ilé-ìwé rẹ̀ ti tó. Bàtà wọ láílọ́ọ̀nù, ó lọ sísàlẹ̀. Òrí náà wọ láílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kí ẹ dè é dáadáa, torí ó máa ń yọ́ bí mọ́tò bá gbóná. Láílọ́ọ̀nù òfìfo kan fún aṣọ ìdọ̀tí. Oògùn kò sí nínú ẹrù ọmọdé, ọwọ́ àgbà ló ń gbé. Ẹ tún mú aṣọ ìpààrọ̀ 1 sínú báàgì tiyín, bí ọmọ bá bì lójú ọ̀nà.

Ó yá, gbé e kọ́ ẹ̀yìn, rìn dé ẹnu géètì, kóo padà wá. Bí ó bá wúwo, òun fúnra rẹ̀ ni kó mú ohun tó máa yọ.

Bébà àwòrán yẹn á wà ní àpò iwájú báàgì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ fún un ní bírò, kó máa sàmì sí ohun kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kó o padà. Bí ìbọ̀sẹ̀ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ rán an lọ wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà kí mọ́tò tó gbéra.