Ṣé Màmá Ti Ń Ṣarán Ni?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀ṣà àti ẹ̀yin ọmọ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣómàáló ni mo fẹ́ gbà wọnú ọ̀rọ̀ ìgbàgbé àwọn àgbà yìí. Wọn á ru aṣọ kúrò ní Iléṣà, wọn á tà á láwìn láti abúlé dé abúlé, tí ọjọ́ bá pé, wọn á padà lọ gbowó. Ẹni tí kò mọ̀wé nínú wọn, orí ló fi ń ṣe ìwé gbèsè. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ lè ti lé ní 90 ọdún, kó ṣì dárúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó kí Nàìjíríà tó gbòmìnira. Ẹ wá bi í pé ibo ló fi awò ojú rẹ̀ sí láàárọ̀ yìí. Ó di wíwá.

Ohun tó ti pẹ́ lórí, tí a ti sọ lásọtúnsọ, ti ta gbòǹgbò. Tuntun ló ń ṣòro láti dì mú. Láti ìgbà téèyàn bá ti tó bí ọmọ 30 ọdún ni ọpọlọ ti ń rọra dẹ̀rìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè tí èèyàn mọ̀ àti òye iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i títí di 60 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà kan, àwọn onímọ̀ rò pé làákàyè ń já wálẹ̀ kíákíá, torí pé wọ́n kàn fi àgbà wé ọ̀dọ́ lọ́jọ́ kan náà ni. Ẹ wò ó níbí: ọmọ ọdún 6 tó bá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ pàdé ní 1955, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di géńdé sóko kòkó kí ètò náà tó dé. Tí ẹ bá fún àwọn méjèèjì nídàánwò, ṣé ọjọ́ orí lẹ ń wọ̀n àbí ilé ìwé? Ní 1956, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, K. Warner Schaie, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn èèyàn kan náà lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka làákàyè kì í fà sẹ́yìn ní gidi kéèyàn tó pé 60.

Ìyá tó pe Bọ́lá, tó pe Ṣẹ́gun, kó tó rí orúkọ Túndé pè, kò ṣàìsàn. (Èmi náà ń ṣe é.) Èyí tó yẹ kó lé wa dìde ni ìyá tó ti ń ná Ọjà Àtàkúmọ̀sà láti ìgbà ọmọge, tí kò wá mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó gbé ata kaná, tí kò mọ ohun tó kàn, tó bi yín pé, "Ṣé àwọn ọmọ ti dé?", ẹ dá a lóhùn, kò pẹ́ ó tún bi yín bíi pé ẹ ò fèsì rárá. Àmì àìsàn nìyẹn. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní kí irú wọn wá jẹ́wọ́ àjẹ́. Ọsibítù Wesley Guild kò kúkú jìnnà! Nígbà míì, etí tó di, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àní oògùn ara yíyún bíi Piriton, ló da arúgbó lọ́kàn rú.

Bàbá kan nawọ́, wọ́n ní ṣé ayò ń ran ọpọlọ lọ́wọ́. Mo ní ayò á sọ wọ́n di ọ̀ta nídìí ọpọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń múni rántí nǹkan mìíràn kò tó nǹkan. Ẹ̀rí ti ìrìn lágbára jù ú lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011, wọ́n pín àgbà 120 sọ́nà méjì, àwọn kan ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí tóbi sí i díẹ̀ lára àwọn tó rìn, ó sì súnkì lára àwọn yòókù. Kí bàbá máa ta ayò wọn lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kadà sílẹ̀.