Kí Ló Dé Tí Iyán Fi Ń Ní Kókó? Bí A Ṣe Ń Wá Orí-Ọ̀rọ̀ fún Àròkọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá ọmọ jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́. Adó-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ ní kí ẹ kọ àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá, ìyẹn àròkọ tó ń ṣàlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, kí ẹ sì fúnra yín wá orí-ọ̀rọ̀. Ó dùn létí, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń há sí.

Ọmọ Èkìtì tó bá ń wá orí-ọ̀rọ̀, Ìkọ́gòsì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kò burú. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ náà máa kọ: bí igi ṣe yí ibẹ̀ ká, bí òun ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi, bí ọkọ̀ ilé-ìwé ṣe gbé wọn lọ. Àpèjúwe nìyẹn, pẹ̀lú ìròyìn díẹ̀. Ìṣípayá ni kí ẹ sọ ìdí tí omi náà fi gbóná: pé omi òjò a máa gba pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà, pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún gbóná, pé omi náà a sì tún padà sókè kó tó tutù. Bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé èyí, ẹ fi Ìkọ́gòsì sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú iyán wàyí, uyán bí àwọn ìyá wa ṣe ń pè é. “Iyán” nìkan fẹ̀ bí ọjà Ọba. “Iyán ní ilẹ̀ Èkìtì” náà ṣì fẹ̀ jù. “Iyán dùn ju àmàlà lọ” ti di àríyànjiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò mọ ẹni tó máa bá yín jà á níbí. Ṣùgbọ́n “Kí ló dé tí iyán fi ń ní kókó?” Ẹ gbọ́ ìyẹn! Ìbéèrè ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Iṣu lè má jinná délẹ̀. Ó lè ti tutù kó tó dé inú odó. Ẹni tó ń gún un sì lè ti kánjú da omi sí i nígbà tí iṣu kò tíì fọ́ kúnná. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti délẹ̀, ẹ ò tíì ṣí ìwé kankan.

Ọmọ olóko kòkó náà ní tirẹ̀: kí nìdí tí a kì í fi sá kòkó lọ́gán tí a bá ti fọ́ ọ? Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń kó o jọ, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 5 tàbí 6. Kó lọ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ewé yẹn: omi ara rẹ̀ ń ro dànù, ó ń gbóná, ìkorò rẹ̀ ń dínkù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ ṣọ́ra fún “Ogun Kírìjì”. Láti 1877 dé 1893 ni Èkìtì àti àwọn tó gbè wọ́n fi bá Ìbàdàn jà á. Ọdún 16 kò lè wọ ojú ìwé méjì. Ìdí tí Èkìtì fi parapọ̀ nìkan tó yín: ẹ wo ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn, àti Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí tí kò gbà fún wọn.

Orí-ọ̀rọ̀ lè kéré jù náà o. “Ọdún wo ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀?” 1996. Ó tán.

Nítorí náà, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí ìwé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá há sórí ìdáhùn ẹyọ kan, ẹ pa ìbéèrè náà rẹ́, ẹ wá òmíràn. Bí ìyá bá sì wà nídìí odó nílé yín lálẹ́ yìí, ẹ tètè lọ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó da omi sí i.